Òkèlè Tí Bàbá Mi Kọ̀

Sheffield,
18 oṣù Kẹrin, 1993.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Òkè kan wà láàárín ilé tí mò ń gbé àti yunifásítì wa. Láti oṣù Kẹwàá tí mo ti ra kẹ̀kẹ́ àlòkù, mi ò gun òkè yẹn parí rí. Tí mo bá dé ìdajì, màá sọ̀ kalẹ̀, màá máa ti kẹ̀kẹ́ bí ẹni ń ti ọmọlanke. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ebi ń pa mí gan-an, mo sì ti pinnu pé bí mo bá ti dé òkè, ìpápánu ló kàn. Mo gùn ún, mi ò sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà tí mo dé orí rẹ̀, tí mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo wá rí i pé ebi náà ti lọ. Ó kàn lọ bẹ́ẹ̀, bí àlejò tí a kò dá lóhùn. Ìgbà yẹn ló yé mi, Bàbá. Ebi kì í ṣe àṣẹ. Ó lè kan ilẹ̀kùn títí, kò sí ẹni tó ní dandan ni kí n ṣí i.

Okun o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà ọ̀nà Lọ́kọ́ja. Ẹ má bínú pé mo ti ń rojọ́ kí n tó kí yín, inú mi ló dùn jù. Àǹtí Florence kí yín. Wọ́n ní ìyá mi tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn ìbá jó, ká ní ó wà láyé tó rí i pé Yorùbá ni mo fi ń kọ̀wé sí yín báyìí, èmi tí mo dé ìlú yìí lọ́mọ ọdún méje tí mo sì gbàgbé gbogbo rẹ̀ kí n tó pé mẹ́wàá.

Kílò mẹ́rìnlá ti kúrò lára mi. Mo fi fọ́tò kan sínú àpòòwé yìí kí ẹ lè gbà mí gbọ́.

Ní báyìí, ó kù sọ́dọ̀ yín. Ẹ kọ ọ́ nínú lẹ́tà yín pé dókítà ní ẹ̀jẹ̀ yín ń ru, pé kí ẹ dín ara kù. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni ń ṣàwàdà. Mi ò rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kẹ̀kẹ́ tí ẹ fi ń lọ kọ́ni nígbà tí ẹ ṣì jẹ́ tíṣà, ẹ máa gùn ún láràárọ̀. Ẹ máa jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Ní ti iyán, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá, ì báà ṣe òkèlè kan. Òkèlè kan ló ń pe èkejì. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pàápàá lọ́wọ́ Màmá Odòlú. Ẹ̀gbọ́n yín ni, ẹ mọ̀ wọ́n jù mí lọ. Mo ṣì rántí bí wọ́n ṣe máa ń bu iyán sí iwájú mi. Màá ní mo ti yó, wọ́n á ní ikùn ọmọdé kì í mọ ìgbà tó yó. Bí ẹ bá gbà fún wọn lẹ́ẹ̀kan, ó parí nìyẹn.

Ẹ ṣèlérí fún mi. Òbí kan ṣoṣo ló kù fún mi.

Èmi ọmọ yín tí òkè ò dá dúró mọ́,
Ẹniolúwa.


Kàbbà,
30 oṣù Karùn-ún, 1993.

Ẹniolúwa, ọmọ mi,

Okun o. Ṣé àlàáfíà ni ara wà? Ṣé òtútù ti fi yín sílẹ̀? Àwa wà níbí, a dúpẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ tí mo ti Lọ́kọ́ja dé ni mo bá lẹ́tà rẹ nílé. Mo kà á lórí ìdúró, pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Mo fi bírò pupa sí ibi mẹ́ta péré. O mọ̀ pé ìwà tíṣà kì í tán lára ẹni. Ọmọ mi, o ń kọ Yorùbá ju àwọn tó wà lábẹ́ imú mi níbí lọ.

Mo mú fọ́tò rẹ lọ fún Màmá Odòlú. Mo rò pé wọ́n á yọ̀. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n yí i sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n ní, "Ta ni eléyìí?" Mo ní, "Ẹniolúwa ni." Wọ́n ní, "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dà? Ta ló ń febi pa ọmọ mi?" Mo ṣàlàyé fún wọn pé ìwọ fúnra rẹ lo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, pé kẹ̀kẹ́ lò ń gùn. Wọ́n wá ní, "Ara tí mo fi iyán kọ́ fún ọdún márùn-ún, ó fi kẹ̀kẹ́ wó o." Wọ́n ò dá fọ́tò náà padà o. Ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí wọn.

Ní tèmi, o kò parọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Kogi yìí sílẹ̀, tí wọ́n kó àwa òṣìṣẹ́ ìjọba láti Ìlọrin wá sí Lọ́kọ́ja, mẹ́rin la wà nínú yàrá kan, oúnjẹ búkà là ń jẹ láàárọ̀ lálẹ́. Ibẹ̀ ni ikùn yìí ti wá. Mo yọ kẹ̀kẹ́ náà lábẹ́ àwọn àpò àgbàdo. Ṣéènì rẹ̀ ti dípẹtà, tírẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ bí awọ, ṣùgbọ́n a tún un ṣe. Gbogbo Sátidé ni mo ń gùn ún lọ sí ọ̀nà Ìyárà kí oòrùn tó mú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn awakọ̀ ní gáréèjì kígbe pè mí: "Ọ̀gá, ṣé ìjọba Kogi ti gba mọ́tò yín ni?" Mo ní, "Rárá, ikùn mi ni wọ́n ń gbà." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí mo fi kọjá.

Mo ṣèlérí fún ọ. N kò ní fi ẹnu kan iyán títí dókítà yóò fi sọ pé ó tó.

Kí Olúwa máa ṣọ́ ọ lórí kẹ̀kẹ́ náà. Má gùn ún nínú òjò.

Bàbá rẹ,
Josiah Gbádéyan.


Sheffield,
27 oṣù Kẹfà, 1993.

Bàbá mi tí ń gun kẹ̀kẹ́,

Okun o, okun o! Mo ka ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ yẹn fún Àǹtí Florence, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. A gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti fagi lé ìbò. Ṣé kò sí wàhálà lọ́dọ̀ yín? Ẹ má rin ìrìn tí kò pọn dandan.

Kílò mélòó ló ti lọ? Ẹ ò sọ ọ́. Ẹ lọ gun ìwọ̀n ní ọsibítù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Èmi náà ti tún dín kílò méjì.

Àǹtí sọ fún mi pé iṣu tuntun ń bọ̀ ní oṣù Kẹjọ, pé gbogbo ẹbí máa ń péjọ sí ilé Màmá Odòlú lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ gan-an ni ìdánwò yín wà, Bàbá. Wọ́n á rọ̀ yín, wọ́n á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní ọmọ òyìnbó ló ń darí yín. Ẹ má dá wọn lóhùn. Tí ó bá le jù, ẹ mú lẹ́tà mi àkọ́kọ́ dání, ẹ kà á sí gbogbo wọn létí, kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo ní kí ẹ má jẹ ẹ́. Ẹ dá gbogbo rẹ̀ lé mi lórí. Èjìká mi gbà á.

Mo ń retí ìròyìn ìṣẹ́gun.

Ẹniolúwa.


Sheffield,
12 oṣù Kẹsàn-án, 1993.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àbí kí n ní ẹ kú ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá.

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Iṣu tuntun dé, ẹ jẹ ẹ́, ojú sì ń tì yín láti sọ fún mi. Bàbá, ẹ sọ ọ́! Mi ò ní pa yín jẹ. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ fi ìlérí sílẹ̀ nítorí pé ẹnì kan gbé àwo síwájú yín. Mo ń gun òkè yìí lójoojúmọ́, nínú òjò (mo mọ̀, ẹ ní kí n má ṣe é), mo sì ń sọ fún ara mi pé bàbá mi náà ń gùn ún níbòmíràn. Ó ti di pé èmi nìkan ni mò ń gun nǹkan mi.

Ẹ bá mi kí Màmá Odòlú. Ẹ sọ fún wọn pé wọ́n ti jáwé olúborí.

Ẹniolúwa.


Sheffield,
7 oṣù Kọkànlá, 1993.

Bàbá mi,

Mi ò bínú mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo lẹ́tà tó kẹ́yìn yẹn. Ẹ̀rù ló ń bà mí báyìí. Bí ó bá jẹ́ àìsàn ni, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín kọ ìlà kan péré. Ẹ jẹ iyán tó bá wù yín. Kí ẹ ṣáà wà.

Ẹniolúwa.


Kàbbà,
5 oṣù Kejìlá, 1993.

Ẹniolúwa, ọmọ mi,

Okun o. Má bẹ̀rù. Ara mi le ju bó ti wà ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lọ. Ẹ̀jẹ̀ mi ti rọlẹ̀, kílò mọ́kànlá ti lọ, dókítà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n wá máa bá àwọn aláìsàn rẹ̀ yòókù sọ̀rọ̀. N kò jẹ iyán. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìgbà mẹ́fà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ọ rí. Ọmọ ọdún méjì ni ọ́ nígbà tí ìyá rẹ kú. Ibà ló pa á. Dókítà sọ ọ́ fún mi, mo sì gbà á gbọ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n ó ti jẹun nílé ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹnu ayé sì bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ sókè. Àwọn ènìyàn kàn ṣíwọ́ jíjẹun lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni. Lọ́dún yẹn, nígbà tí iṣu tuntun dé, Màmá Odòlú gún iyán bí ìṣe wọn, wọ́n bu òkèlè àkọ́kọ́, wọ́n nà án sí àwọn ẹbí. Kò sí ọwọ́ tó gbà á. Mo dìde pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ lọ́rùn, mo gbà á, mo jẹ ẹ́ lójú gbogbo wọn. Mo gbé ìwọ náà lé wọn lẹ́sẹ̀, mo ní, "Ẹ fún ọmọ yìí náà." Ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ kú, ọjọ́ náà ni wọ́n sì di ìyá rẹ. Láti ìgbà náà, ọdún méjìdínlógún, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ gba òkèlè iṣu tuntun lọ́wọ́ wọn kí ẹnikẹ́ni tó bọ ọwọ́ sí àwo.

Lọ́dún yìí, mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú bẹ́líìtì tí mo ti lu ihò tuntun méjì sí, mo ń yangàn. Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ìlú pé iyán ò lè mú mi mọ́. Wọ́n bu òkèlè, wọ́n nà án sí mi.

"Josiah, gbà."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. N kò jẹ ẹ́ mọ́."

Màmá Odòlú rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Gbà, ó ń tutù."

"N kò jẹ ẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ṣèlérí."

Hezekiah, ọmọ àbúrò bàbá mi, ní, "Ìlérí wo? Ta lo ṣe é fún?" Mo rántí ohun tí o kọ. Mo fa lẹ́tà rẹ yọ. N kò mú awò ojú mi dání, mo bá gbé e fún un pé kó kà á sókè. Ó kà á dáadáa, pẹ̀lú ohùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tó dé ibi tí o ti kọ ọ́ pé, "Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pàápàá lọ́wọ́ Màmá Odòlú," ó dúró. Kò ka èyí tó kù. Ó ká ìwé náà, ó dá a padà fún mi bí ẹni ń dá ọ̀bẹ padà. Mo ní kó kà á parí. Ó ní ó ti tó.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ló sọ ọ́. Ó ní, "Ọmọ náà ti dàgbà. Ó ti mọ ohun tó pa ìyá rẹ̀."

Ọmọ mi, kò sí ẹni tó jẹun. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dìde, wọ́n ń ní àwọn fẹ́ lọ wo ewúrẹ́, àwọn fẹ́ lọ wo òjò. Òkèlè náà ṣì wà lọ́wọ́ Màmá Odòlú. Mo ní kí wọ́n gbé e wá, pé n ó jẹ ẹ́. Wọ́n ní, "Ó ti pẹ́."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti ilé pa, wọ́n lọ sí Ìyámoyè, sí yàrá tí ọkọ wọn fi sílẹ̀ fún wọn kó tó kú. Mo ní kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi padà. Nígbà tó di ìparí oṣù Kẹsàn-án, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ bẹ̀ wọ́n, nítorí kò sí epo bẹntiróòlù níbikíbi. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi kúrò nílé, oòrùn ti kan àtàrí kí n tó dé. Wọ́n jókòó síta, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Josiah, o ti rù. Wọ́n á ní èmi ni."

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. Wọn kò ní kí n dìde. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà, kẹ̀kẹ́. Ọ̀fun mi gbẹ. Mo tọrọ omi.

Wọ́n ní, "Lọ mu ún nílé tí wọn kì í ti í pa ènìyàn."

Má di ẹ̀bi yìí rù nìkan. Ìwọ kò mọ ìtumọ̀ òkèlè náà, èmi mọ̀ ọ́n. Kò sí dókítà kankan tó ní òkèlè kan yóò pa mí. Mo lè gbà á, kí n gbé e mì, kí n fọwọ́, kí n sì máa bá ẹ̀wà mi lọ. Mo fẹ́ kí àwọn ènìyàn rí i pé mo lágídí ni. Ẹni tó gbà mí sílẹ̀ lọ́wọ́ ebi nígbà tí mo di opó ọkùnrin, òun ni mo fi agídí náà hàn.

N kò tíì jáwọ́ nínú kẹ̀kẹ́. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ nìkan ni n kì í ti í ronú.

Bàbá rẹ.


Sheffield,
9 oṣù Kìíní, 1994.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Okun o. Ẹ kú ọdún tuntun. Ẹ kú ohun tí ojú yín ti rí, tí ẹ dá gbé fún oṣù mẹ́rin nígbà tí mò ń fi lẹ́tà bú yín.

Orí àtẹ̀gùn ni mo ti ka lẹ́tà yín. Mo ka ibi tí Hezekiah dúró, èmi náà dúró. Àǹtí Florence wá bá mi níbẹ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n mọ̀. Wọ́n ní gbogbo ẹni tó ti ilé wá ló mọ̀, pé wọ́n kò sọ ọ́ fún mi kí n má baà fi ojú mìíràn wo ẹni tó tọ́ mi. Wọ́n ní àwọn náà kò jẹun lọ́wọ́ Màmá Odòlú rí lẹ́yìn ikú ẹ̀gbọ́n àwọn. Wọ́n sọ ọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún.

Ẹ ní kí n má di ẹ̀bi rù nìkan. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Gbólóhùn yẹn, "òkèlè kan ló ń pe èkejì," inú ìwé ìròyìn àwọn obìnrin ni mo ti rí i. Bisikíìtì ni wọ́n ń sọ. Èmi ni mo yọ bisikíìtì, tí mo fi iyán sí i, tí mo sì kọ ọ́ sí yín bí ẹni tó mọ̀.

Ọ̀kan tún wà. Mi ò ṣèèṣì kọ "pàápàá." Ìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì níbí, orúkọ tí wọ́n ń pè mí nítorí ara mi, mi ò lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí bàbá mi. Mo wá ẹni tí màá dá a lẹ́bi. Mo rántí ọwọ́ kan tó ń bu iyán síwájú mi, tí kò gbọ́ nígbà tí mo ní mo ti yó. Inú ń bí mi sí ọwọ́ náà nígbà tí mò ń kọ lẹ́tà yẹn. Mi ò ní májèlé lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ìbínú wà níbẹ̀, mo sì rò pé Màmá gbọ́ ọ, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ gbọ́ ọ. Ẹni tí ìyàwó àbúrò rẹ̀ kú, tí wọ́n ń wò ó ní ìwòkuwò, tó sì ń rí ọmọ tí òkú fi sílẹ̀ níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ni kó ṣe ju pé kó bọ́ ọmọ náà yó lójú gbogbo ayé? Gbogbo òkèlè tí mo jẹ, ẹ̀rí ni fún wọn. Èmi sì ni mo lọ dín in kù ní kílò mẹ́rìndínlógún, tí mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́.

Ẹ má dá kẹ̀kẹ́ yín dúró. Èmi náà kò dúró. Mo gbìyànjú láti bínú sí i, kò ṣeé ṣe.

Àǹtí ti gbà láti bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Inú oṣù Keje ni màá wọlé, kí iṣu tuntun tó dé. Ibi tí mo ti nílò yín nìyí. Mo kọ lẹ́tà mẹ́rin sí Màmá, mo fa gbogbo rẹ̀ ya. Wọn kò mọ̀wé, ẹlòmíràn ni yóò kà á sí wọn létí, ọkàn wọn á sì padà sí yàrá tí Hezekiah ti ka ti àkọ́kọ́. Tí mo bá sì wá fúnra mi láì kọ nǹkan kan ṣáájú, ìṣòro mìíràn wà níbẹ̀: Yorùbá tí ẹ ń kà yìí, ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta àti ìwé atúmọ̀ èdè ni mo fi ń kọ ọ́. Lẹ́nu, mo ṣì ń kólòlò bí ọmọ ọdún méje tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Bí wọ́n bá bi mí pé kí ni mo gbà pé ó pa ìyá mi, mo mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ yóò tètè dé ẹnu mi. Bí mo bá sì dákẹ́ díẹ̀ kí n tó rí i, wọ́n á ka ìdákẹ́ yẹn sí ìdáhùn.

Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n. Ṣé kí n kọ ọ́, kí ẹ̀yin fúnra yín mú un lọ sí Ìyámoyè kí ẹ kà á fún wọn, bí wọ́n bá tilẹ̀ gbà kí ẹ jókòó? Àbí kí n dé síwájú wọn láìròtẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ẹnu mi tí kò já geere yìí? Èwo nínú méjèèjì ni ẹ rò pé wọ́n á lè gbọ́?

Ọmọ yín, ọmọ wọn,
Ẹniolúwa.